Ọmọ tí ń jẹ́ Ball: ìdáhùn sí lẹ́tà yín lórí kíkọ́ ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì nílẹ̀ òkèèrè

Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nígbà tí mo mẹ́nu ba ọdún méje tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ní orílẹ̀-èdè Táíláǹdì, mi ò mọ̀ pé lẹ́tà máa ya wọlé tó báyìí. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ojú ewé yìí ò lè gbà á tán, mo kàn mú àwọn tí ọ̀pọ̀ yín jọ béèrè. Fún ẹni tí kò ka ti oṣù tó kọjá: ọmọ Ìbàdàn ni mí, mo kàwé gboyè nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́, mo ṣe tíṣà nílé fún ọdún mẹ́rin kí n tó rìnrìn àjò. Ìlú Khon Kaen, ní apá ìlà-oòrùn àríwá Táíláǹdì tí wọ́n ń pè ní Isan, ni mo ti ṣiṣẹ́ láti 2012 di 2019.

Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ọmọ ọdún 26 ni mí, mo kàwé gboyè nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, Òṣogbo ni mò ń gbé. Ọkùnrin kan tó ń bá èèyàn ṣètò ìrìn àjò ní òun máa bá mi wá iṣẹ́ tíṣà ní Táíláǹdì. Ó ní kí n wá mílíọ̀nù méjì àbọ̀ náírà, kí n fi fíísà àbẹ̀wò wọlé, pé tí mo bá ti débẹ̀ wọ́n á bá mi yí i padà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má da ara mi láàmú, pé wọn kì í gba ẹni tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀ bí i sí. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́jáde, Òṣogbo)

Ọmọ mi, má san kọ́bọ̀ fún ọkùnrin yẹn. Ọ̀rọ̀ fíísà àbẹ̀wò yẹn ni màá kọ́kọ́ mú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kó sínú wàhálà.

Òfin Táíláǹdì kò fàyè gba àlejò láti fi fíísà àbẹ̀wò ṣiṣẹ́. Fíísà tí tíṣà ń lò ni wọ́n ń pè ní Non-Immigrant B. Iléeṣẹ́ aṣojú Táíláǹdì wà ní Àbújá. Ilé-ìwé tó bá gbà ọ́ ló máa kọ àwọn lẹ́tà tí wàá fi béèrè fíísà náà. Tí o bá gúnlẹ̀, ilé-ìwé náà ló tún máa bá ọ gba ìwé àṣẹ iṣẹ́, àti àṣẹ ìkọ́ni lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́ wọn, Khurusapha. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò tíì pé fún àṣẹ tó dúró gbọin, wọ́n lè fún un ní ti ìgbà díẹ̀ tó ń lo ọdún méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ní gbogbo ọjọ́ 90, o gbọ́dọ̀ fi tó ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n létí pé ibi báyìí ni o ṣì ń gbé. Mo kọ ọjọ́ tèmi sára ògiri ilé ìdáná kí n má baà gbàgbé.

Ẹni tí wọ́n bá mú tó ń ṣiṣẹ́ láìní àṣẹ, owó ìtanràn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 5,000 báàtì, owó ilẹ̀ wọn, títí dé 50,000, wọ́n á sì dá a padà sílé. Ẹni tí ọjọ́ fíísà rẹ̀ bá pé tí kò kúrò, 500 báàtì ni lójúmọ́ títí á fi di 20,000. Mo mọ ọmọkùnrin kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó gba irú ọ̀nà tí wọ́n ń fi hàn ọ́ yìí wọlé. Owó ọwọ́ ni ilé-ìwé tó gbà á ń san fún un, wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kankan. Nígbà tí táàmù parí, owó oṣù méjì rẹ̀ wà lọ́rùn wọn, wọ́n sì sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé kò sí ohun tó lè ṣe. Lóòótọ́ ni. Ta ló fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn, nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ dì mú?

Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ wà. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé iṣẹ́ wà ní Táíláǹdì, tó wá jẹ́ pé ìlú Mae Sot ni wọ́n ní kí o sọ̀ sí, sá. Ẹ̀gbẹ́ odò tó pààlà pẹ̀lú Myanmar nìyẹn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ sọdá sí Myawaddy, tí wọ́n ń tì wọ́n mọ́lé kí wọ́n máa fi íntánẹ́ẹ̀tì lu àwọn èèyàn ní jìbìtì. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà wà nínú àwọn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé irú ìlérí bẹ́ẹ̀ wá bá ọ, àjọ NAPTIP, àjọ ìjọba wa tó ń gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò, ni kí o gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ní Gúúsù Kòríà, orílẹ̀-èdè 7 ni wọ́n kà sí ti ẹlẹ́dè Gẹ̀ẹ́sì fún fíísà E-2 tó wà fún olùkọ́ èdè: Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba, Kánádà, Australia, New Zealand, Ireland àti Gúúsù Áfíríkà. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Táíláǹdì ń gbà wá, kìkì pé wọ́n á béèrè ẹ̀rí: ìwé yunifásítì, ìwé láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá pé o kò ṣẹ̀ sófin rí, àti èsì ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. TOEIC ni wọ́n sábà máa ń fẹ́, ó kéré tán máàkì 600 nínú 990. Inú bí mi nígbà tí wọ́n ní kí n lọ ṣe é. Èmi tí mo ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì jókòó ṣèdánwò láti kékeré! Mo ṣe é ṣá, mo sì yege. Tí o bá ní ìwé TRCN, ìwé àṣẹ olùkọ́ ti Nàìjíríà, mú un dání. Tí o bá lè ṣe PGDE, ẹ̀kọ́ olùkọ́ fún ẹni tó ti gboyè, kí o tó lọ, ṣe é. Ó máa gbà ọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìbéèrè ju ìwé TEFL (ẹ̀kọ́ kíkọ́ àjèjì ní Gẹ̀ẹ́sì) oníwákàtí 120 tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn náà wúlò.

Ní ti owó, jẹ́ kí n sọ ọ́ kó má baà bá ọ lójijì. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Ìlú Ọba, tí tábìlì àwa méjèèjì jọ fara kan ara, ń gba 35,000 báàtì lóṣù. 22,000 ni tèmi. Iye kíláàsì kan náà la jọ ń kọ́. Mo lọ bá ọ̀gá wa lẹ́yìn ọdún kìíní, mo kó ìwé èsì àwọn ọmọ mi dání, wọ́n fi 4,000 kún un. Ìgbà tó ṣe díẹ̀ mo tún padà lọ. Ìwọ náà, béèrè. Kó èsì àwọn ọmọ rẹ dání lọ.

Màmá, ẹ sọ òótọ́ fún wa. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe sí yín gẹ́gẹ́ bí aláwọ̀ dúdú? Ohùn wa ńkọ́? Ṣé àwọn òbí ò ní í sọ pé Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà lẹ fi ń kọ́ ọmọ àwọn? (Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù)

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé tí ẹ béèrè é gbangba.

Ilé-ìwé àkọ́kọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, inú wọn dùn sí mi. Obìnrin tó gbé e ní Gẹ̀ẹ́sì mi já gaara, kí n fi fọ́tò ránṣẹ́ kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ ìwé mi. Ọ̀sán ni mo fi ránṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èsì dé pé ààyè ti kún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ìkéde iṣẹ́ yẹn tún fi wà níta. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín. Ilé-ìwé kẹrin ló gbà mí. Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin àgbàlagbà kan, kò tilẹ̀ béèrè fọ́tò; ó ní kí n kọ́ òun ní ẹ̀kọ́ kan lórí Skype bí ẹni pé ọmọ ọdún méje ni òun. Mo kọ́ ọ ní orúkọ àwọn èso. Nígbà tí mo parí, ó ka gbogbo wọn padà fún mi.

Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọmọ ni ọmọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọbìnrin kékeré kan fi ìka ra apá mi, ó wá wo ìka náà bóyá àwọ̀ mi ti lẹ̀ mọ́ ọn. Mo na apá kejì sí i. Ó ra ìyẹn náà, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ jókòó. Ó tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tí kíríìmù tó ń bó àwọ̀ kún orí àtẹ gbogbo ṣọ́ọ̀bù ni, àwọn ìyá sì máa ń kìlọ̀ fún ọmọ kó má ṣeré nínú oòrùn kó má baà dú. Àwọn ọmọ tó dú díẹ̀ nínú kíláàsì mi, tí àwọn yòókù ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n máa ń wá dúró tì mí lákòókò ìsinmi. Wọ́n á fi apá wọn ṣe ẹ̀gbẹ́ tèmi, wọ́n á wò ó. Mi ò ní sọ nǹkan kan. Màá kàn fi apá mi sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n wò ó pẹ́.

Ní ti ohùn, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀, nítorí mo gbà tọkàntọkàn pé ibẹ̀ gan-an ni Yorùbá ti wúlò fún iṣẹ́ yìí.

Èdè Thai ní ohùn bíi tiwa. Mẹ́ta ni tiwa, márùn-ún ni tiwọn. Bí àwa ṣe ní ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní khao: pè é báyìí, ìrẹsì ni, yí ohùn padà, funfun ni, tún un yí, ìròyìn ni. Àwọn tíṣà tó ti Ìlú Ọba wá fi ọdún méjì jà pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù kejì mi, mo ti ń ra ìrẹsì lọ́jà láìnáwọ́ sí i.

Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń le fún àwọn ọmọ náà ni ìparí ọ̀rọ̀. Ẹnu Thai kì í fi l parí ọ̀rọ̀; tí l bá wà níbẹ̀, n ni wọ́n máa pè é. Football á di futbon. S tó bá wà níparí á di t, tàbí kó pòórá. Àwa ńkọ́? Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí rárá, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi fáwẹ́lì tì í lẹ́yìn: bọ́ọ̀lù, búrẹ́dì, bẹ́líìtì. Àwọn ń pààrọ̀, àwa ń fi kún un.

Ní 2016 mo ní ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ní Prathom 2, ìyẹn praimárì kejì. Àwọn ará Táíláǹdì máa ń ní orúkọ gígùn tó wà nínú ìwé, wọ́n á tún ní orúkọ kékeré tí gbogbo ayé fi ń pè wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì: Bank, Ice, Fern. Ball lorúkọ kékeré ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n Bon ló ń pe ara rẹ̀, Bon ni ìyá rẹ̀ fi ń pè é lẹ́nu géètì. Lọ́jọ́ tí mo kọ ball sójú bọ́ọ̀dù, tí mo ya bọ́ọ̀lù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fò dìde, ó fi ìka kan àyà rẹ̀: "Bon!" Mo ní, "Ball." Ó ní, "Bon." Kíláàsì ọmọ 43 mú un lórin: Bon, Bon, Bon.

Mo lè ní kó máa tún un sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n mo rántí nǹkan kan. Nínú èdè wa, ọmọ ìyá ni n àti l. A ní "ní ilé", ó di nílé. A ní "ní ọjà", ó di lọ́jà. "Ní oko", lóko. N tí a gbé dání láti ilé ló di l lẹ́nu wa, a ò sì mọ ìgbà tó yí. Ohun tó fà á ni pé ibì kan náà ni ahọ́n ń kàn fún àwọn méjèèjì, ẹ̀yìn eyín òkè. Imú ni n ń gbà jáde. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ni ti l. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ níbi tí ẹ jókòó sí: ẹ fi ọwọ́ di imú yín, kí ẹ sọ nnnn. Kò ní lọ. Ẹ wá sọ llll. Ó ń lọ.

Mo lóṣòó níwájú rẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé. Mo fi ìka méjì di imú ara mi, mo ní, "Ball." Òun náà di imú tirẹ̀. "Bo..." Ó há. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó tú imú sílẹ̀, ó mí, ó tún dì í. Lẹ́ẹ̀kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ahọ́n rẹ̀ dúró síbi tó yẹ, l náà jáde, ó gùn bí okùn tí èèyàn ń fà láti inú kànga. Ó wo ìka méjèèjì tó fi di imú, ó yí wọn síwá sẹ́yìn. Kíá, ọmọ 42 tó kù ti di imú mú.

Ẹni tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì kì í mọ ibi tí ahọ́n òun ń lọ. Ẹni tó kọ́ ọ ló mọ̀. Ìyá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì títí ó fi lọ. Orí bẹ́ǹṣì ni mo ti kọ́ tèmi, mo sì rántí gbogbo ibi tó ti le. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá, àwa ará Ìbàdàn, ẹnu wa kì í fẹ́ ya s àti ṣ sọ́tọ̀; mo rántí ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń sọ fis, kí fish tó wá sí mi lẹ́nu. Tí ọmọ kan bá há níwájú mi, mo mọ bó ṣe ń rí láti inú. Bàbá kan béèrè lóòótọ́ pé kí ló dé tí ọmọ Áfíríkà fi ń kọ́ ọmọ òun. Ọ̀gá wa ní kó wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi fún wákàtí kan. Ó jókòó. Láti ìgbà yẹn, tó bá wá mú ọmọ rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó máa ń pa ọwọ́ pọ̀ kí mi.

Ẹ kú làákàyè, Mà. Ilé-ìwé aládàáni ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀, ọmọ tó bá sọ Yorùbá á san náírà 50 tàbí kó kúnlẹ̀. Ọ̀gá wa ní kò sí ọ̀nà mìíràn tí ọmọ fi ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́hùn-ún náà nìyẹn? (Tíṣà Pírámárì, Abẹ́òkúta)

Rárá o. Ọkàn mi sì bàjẹ́ bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, torí ó gbé mi padà sí praimárì kẹta. Mo fẹ́ lọ tọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá nítorí mi ò mọ ọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi páálí kọ́ mi lọ́rùn, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí i pé èmi ni mo sọ èdè tí kò yẹ, mo sì gbé e kiri títí a fi parí. Aṣọ mi tutù. Láti ọjọ́ yẹn títí táàmù fi parí, mi ò la ẹnu mi sọ ohunkóhun ní kíláàsì, ìbáà ṣe Gẹ̀ẹ́sì ìbáà ṣe Yorùbá. Kí wá ni wọ́n kọ́ mi?

Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní Khon Kaen, èdè Isan ni wọ́n ń sọ nílé, ó bá èdè Laos tan. Thai ti Bangkok ni ilé-ìwé fi ń kọ́ wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni ìkẹta. Ọmọ ọdún mẹ́fà ń ru ẹrù èdè mẹ́ta, bí ọmọ Èkìtì tó gbọ́ Èkìtì lẹ́nu ìyá àgbà, tó bá Yorùbá inú ìwé nílé-ìwé, tí Gẹ̀ẹ́sì tún wá gun orí rẹ̀. Mo ṣètò kíláàsì mi báyìí: iṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, tiwọn ni. Màá gbé nǹkan sókè, ọsàn, ìgbálẹ̀, ohunkóhun. Wọ́n á sọ orúkọ rẹ̀ fún mi ní Isan, wọ́n á sọ ọ́ ní Thai, èmi á gbìyànjú láti pè é, wọ́n á tún un ṣe fún mi. Lẹ́yìn náà ni mo máa sọ ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ló kọ́kọ́ ń jẹ́ olùkọ́. Ọmọ tó ti gbọ́ tíṣà rẹ̀ tó ṣì ọ̀rọ̀ pè nígbà mẹ́ta, ẹ̀rù kì í bà á mọ́ láti ṣì í pè.

Tí ọ̀gá yín bá ní ọ̀rọ̀ Táíláǹdì jìnnà, ẹ mú tilé sọ fún un. Ní 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ni wọ́n sì fà á lé lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n gbé wọn sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ yìí ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. A ṣì ń gba náírà 50 lọ́wọ́ ọmọ tó sọ èdè ìyá rẹ̀! Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá yín. Tí kò bá gbà, nínú kíláàsì tiyín, ẹ má gba owó yẹn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Ọmọ mi obìnrin ti gba lẹ́tà láti ilé-ìwé kan lọ́hùn-ún, ìwé rẹ̀ pé. Èmi ni mi ò tíì fọwọ́ sí i. Mi ò fẹ́ kó lọ gbé láàárín àwọn tí kò mọ àgbà, kó wá gbàgbé ilé. (Bàbá Arúgbó, Ìlọrin)

Ẹ kú àgbà, sà. Mo kúnlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ Ọjọ́bọ̀ kan fún yín, sà. Nínú oṣù kẹfà, lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti wọlé díẹ̀, àwọn ọmọ Táíláǹdì máa ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní wai khru, ìkíni olùkọ́. Wọ́n á to òdòdó sórí àwo: òdòdó pupa kan tó ń yọ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, kí ọpọlọ ọmọ lè mú, koríko tó ń tàn kálẹ̀ kíákíá, kí ẹ̀kọ́ lè tàn bẹ́ẹ̀, òdòdó ìkàn, nítorí pé tó bá yọ, ó ń tẹrí ba. Èmi ò mọ̀ pé ó kàn mí. Mo rò pé àwọn tíṣà ọmọ ilẹ̀ wọn nìkan ni. Wọ́n gbé àga fún mi lórí pèpéle. Àwọn ọmọ kéékèèké wá, wọ́n ń fi orúnkún rìn, àwo òdòdó lọ́wọ́, wọ́n foríbalẹ̀ níwájú mi títí iwájú orí wọn fi kan ilẹ̀. Sà, ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé nígbà náà. Gbogbo bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kí bàbá mi lówùúrọ̀ ni mo rí níwájú mi. Omi ń bọ́ lójú mi sínú òdòdó.

Kò ní bá àwọn tí kò mọ àgbà, sà. Ìbẹ̀rù tèmi fún un ni pé kó má ṣẹ̀ wọ́n láìmọ̀. Kó má fi ọwọ́ pa ọmọ kankan lórí, bó ti wù kó fẹ́ràn rẹ̀ tó; orí ni wọ́n kà sí ibi mímọ́ jù lára, àwa tí a mọ ohun tí Orí jẹ́ kò gbọ́dọ̀ yà wá lẹ́nu. Kó má na ẹsẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Kó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ tí wọ́n bá ń ta àsíá, kó dúró ṣánṣán.

Oúnjẹ kò ní jẹ́ ìṣòro fún un, pàápàá tó bá jẹ́ apá Isan ló ń lọ. Ìrẹsì tó ń lẹ̀ ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, wọ́n á fi ìka rún un ní òkèlè bí a ṣe ń ṣe èbà. Wọ́n ń fi ọmọ odó gún ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n pẹ̀lú ata. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró odó yẹn láti ilé kejì, mo jáde síta láti wò ó.

Ẹ fọwọ́ sí i, sà. Kó máa pè yín ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

Mà, oṣù wo ló dáa láti bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́, kí sì ni kí n dì sínú báàgì? (Ọláitán, Àkúrẹ́)

Agbedeméjì oṣù karùn-ún ni sáà wọn ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń parí nínú oṣù kẹta. Tètè kọ̀wé láti oṣù kìíní tàbí ìkejì, nítorí ọdún tuntun wọn, Songkran, bọ́ sí ọjọ́ 13 sí 15 oṣù kẹrin, o ò ní rí ẹni dá ọ lóhùn nígbà yẹn. Kó ojúlówó ìwé ẹ̀rí rẹ dání, má gbé wọn sínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ bàálù. Yẹ́rì tó bo orúnkún, bàtà tó rọrùn láti bọ́, díńgí kékeré tí ọmọ lè fi wo ahọ́n ara rẹ̀. Má ru ata. Wọ́n ní ata.

Ṣé ẹ ṣì máa ń gbúròó àwọn ọmọ náà? (Adéọlá, Èkó)

Díẹ̀ nínú wọn. Ball ti di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó ti ga jù mí lọ nínú fọ́tò tó fi ránṣẹ́. Oṣù tó kọjá ló fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ó ń ròyìn ìdíje kan tí ilé-ìwé wọn gbá. Football, goal, final: ó pe l wọn gbogbo, ó pè wọ́n kedere. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ohùn náà ni pé, "Teacher, this is Bon."